Fíúsì Kan Lápò Ọkọ Mi, Èkejì Lára Ògiri

Iná mànàmáná gbé ọkọ mi ṣubú lórí àkàbà nínú yàrá ìránṣọ mi ní Ọjọ́bọ̀ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo di àkàbà náà mú. Èmi náà ni mo jẹ́ kí iná wà nínú wáyà tó fọwọ́ kàn.

Àwọn ará àdúgbò sọ pé àgbákò ni. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Kì í ṣe àgbákò.

Aránṣọ ni mí. Aṣọ iṣẹ́ ni mo máa ń rán jù: ti nọ́ọ̀sì, ti olùkọ́, ti àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Ọkọ mi, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ìbejì, fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe oníṣẹ́ iná nílé iṣẹ́ ìhunṣọ kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ìbejì wa ti wà nílé ọkọ. Àwa méjì la kù sílé, àti iná ọ̀pá gígùn kan tó wà lókè orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Iná yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège.

Bí mo bá tẹ súìṣì, etí rẹ̀ méjèèjì á pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn, àárín rẹ̀ á dúdú. Á ṣẹ́jú, á tún ṣẹ́jú, á wá tàn. Nígbà tó bá wù ú, á tún kú. Lọ́jọ́ kan, mo ran apá ọ̀tún aṣọ funfun kan mọ́ èjìká òsì. Mi ò mọ̀, àfìgbà tí mo fi í kọ́ hángà tó dà bí ẹni tó fẹ́ sá lọ.

"Gúlóòbù rẹ̀ ló ti gbó," ni ọkọ mi wí. "Ṣé o ò rí bí etí rẹ̀ ṣe máa ń dúdú bó bá kú?"

Ó ra ọ̀pá tuntun. Ọ̀pá tuntun náà ń ṣẹ́jú.

"Á jẹ́ pé sítátà ni nìyẹn."

Sítátà ni ike roboto kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá iná, òun ló ń jí i bí a bá tẹ súìṣì. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Iná tàn gedegbe fún ọjọ́ méjì. Ọkọ mi ń gba ẹnu ọ̀nà yàrá náà kọjá láìnídìí, á gbójú sókè, á wúkọ́ díẹ̀, á lọ. Lọ́jọ́ kẹta, iná tún bẹ̀rẹ̀.

Ó dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Ṣóòkù ni," ló wí. Ó ń sọ nípa irin wúwo tó wà nínú ikùn iná náà, tó máa ń kùn bí oyin. "Ó ti jóná nínú. Kò sí ohun mìíràn tó kù tó lè jẹ́."

Ó lọ sí àpótí fíúsì tó wà lára ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, ó yọ fíúsì yàrá ìránṣọ, ó kì í bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Ó ní láti yé yín bí ọkọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn wà. Ẹni tó wáyà ilé wa látijọ́ fi súìṣì sí ibi tí kò yẹ kó wà. Bí ẹ bá pa súìṣì, gúlóòbù á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ṣì wà nínú wáyà lókè. "Súìṣì ilé yìí, irọ́ ló ń pa," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Fíúsì nìkan ni kì í purọ́." Nítorí náà kì í gun àkàbà láìjẹ́ pé fíúsì wà lápò rẹ̀. Kò sì ní dá a padà títí iṣẹ́ á fi parí, ìbáà gba ọdún kan. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé iṣẹ́ nìyẹn. Ọkùnrin kan wà lẹ́ka wọn tí ẹnìkan tan iná mọ́ lórí níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ mi bá ń sọ ìtàn náà, á sọ ọ́ dé ibì kan, á dákẹ́, á ní kí n fún òun lómi.

Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n yàrá mi ṣókùnkùn.

Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ògiri ilé kejì ló sì kọjú sí. Mo lè na ọwọ́ kí n fọwọ́ kan ògiri náà. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé ẹ̀rọ lọ sí pálọ̀. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ onírin ni. Inú yàrá yẹn ni wọ́n ti tò ó pọ̀ nígbà tí mo rà á, láti ọjọ́ náà kò gba ẹnu ọ̀nà jáde mọ́. Mo gbìyànjú tọ́ọ̀ṣì. Mo fi okùn so ó mọ́ orí ẹ̀rọ. Bí mo bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tọ́ọ̀ṣì á yí ojú sí ògiri.

Ogójì yunifọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì ló wà lọ́wọ́ mi nígbà náà. Mátírọ́ọ̀nù tó gbé e wá kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣí wọ́ọ̀dù tuntun. Ṣé ìhòòhò ni kí àwọn nọ́ọ̀sì mi fi pàdé àlejò ni?"

"Ẹ má bínú, Mátírọ́ọ̀nù. Iná ló dà mí láàmú."

"Ọkọ yín ńkọ́? Ṣebí oníṣẹ́ iná ni wọ́n?"

"Wọ́n wà lórí ẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Lóòótọ́, ọkọ mi wà lórí ẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tí orúkọ ilé iṣẹ́ ti ń pa rẹ́ láyà rẹ̀, á lọ wá ṣóòkù. Ọjà kún fún ṣóòkù. Kò fẹ́ wọn. "Páálí ni wọ́n fi ṣe àwọn yìí," ló máa ń wí. "Gbé e wò, kò wúwo ju búrẹ́dì lọ." Onírin ti àtijọ́ ló fẹ́. Nígbà tó yá, ó gbọ́ pé ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí wọn tẹ́lẹ̀ ṣì ní ọ̀kan nílé, ní ìlú kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé báàgì.

"Ọjọ́bọ̀ ni màá dé, bí ilẹ̀ bá ṣú."

"Ẹ fi fíúsì sílẹ̀ fún mi," ni mo wí. "Ó kúkú máa ń ṣẹ́jú ni. Ẹ jẹ́ kó máa ṣẹ́jú fún mi báyìí ná."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá àpò rẹ̀. "Iṣẹ́ tí kò tíì parí, fíúsì rẹ̀ kì í padà sílé. Ṣe sùúrù, Ìyá Ìbejì. Mo fẹ́ ṣe é fún ẹ ní àṣetán."

Ó lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi kọ́ kọ́nà.

Mi ò ní pa irọ́ fún yín pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀ ọ́n. Mo lè pè é lórí fóònù kí n ní, "Bàbá Ìbejì, mo fẹ́ pe oníṣẹ́ iná mìíràn." Á bínú. Ẹ̀rù ìbínú rẹ̀ kọ́ ló bà mí. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó tún pè é wá tún nǹkan ṣe. Iná yẹn ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ láé pé ẹlòmíràn ló parí rẹ̀. Mo sì fẹ́ kí ẹlòmíràn parí rẹ̀. Mo fẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì rò pé mo gbọ́n tó láti rí méjèèjì.

Mo ránṣẹ́ pe ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, oníṣẹ́ iná tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òpópónà kejì. Kò pẹ́ tó fi dé. Orúkọ rẹ̀ ò fi í ṣẹ̀sín.

Ó ṣí àpótí fíúsì, ó rí ojú kan tó ṣófo láàárín àwọn yòókù bí eyín tó ká.

"Fíúsì dà, Mà?"

"Ó wà lápò ọkọ mi."

"Ọkọ yín ńkọ́?"

"Wọ́n wà lọ́nà ìrìn àjò."

Ó fọwọ́ họ orí. "Mà, ojú fíúsì tó bá ṣófo báyìí, wọ́n kọ́ wa pé kí a má dí i. Ẹ ò mọ ẹni tó yọ ọ́ àti ibi tó wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè wọ́n lórí fóònù."

"Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní kó o máa ṣe é lọ."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó jáde lẹ́nu mi láìkọsẹ̀.

Kíákíá gun orí tábìlì. Ó tú ìdérí, ó fi aṣọ kan nu eruku inú rẹ̀ dànù, ó fi irinṣẹ́ rẹ̀ wọn ṣóòkù náà.

"Ṣóòkù yìí ò ṣe nǹkan kan, Mà. Ó lágbára jù mí lọ."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Họ́ódà ni." Ó fi ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀pá iná ń jókòó sí hàn mí ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbà tó wà nínú rẹ̀ ti jó, ó ti dẹ̀. "Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ọ̀pá yìí, á mú un dáadáa fún bí ọjọ́ méjì, á tún tú. Ẹ lè pààrọ̀ sítátà ogún, kò lè gbọ́."

Ó fi họ́ódà tuntun sí i, ó mú fíúsì funfun kan nínú báàgì rẹ̀, ó kì í sójú tó ṣófo. Iná tàn pàá. Kò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Mo rí eruku òwú funfun lórí ẹ̀rọ mi, mo rí abẹ́rẹ́ tí mo ti ń wá láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú.

"Mà," ló wí bó ṣe ń lọ, "bí wọ́n bá dé, ẹ sọ fún wọn pé fíúsì mi ló wà níbẹ̀ o. Ẹ má gbàgbé."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ètò mi rọrùn. Kí ọkọ mi tó dé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, màá yọ fíúsì funfun, màá fi í pamọ́. Òun á fi ṣóòkù rẹ̀ sí i, á dá fíúsì tirẹ̀ padà, iná á tàn. Á rò pé òun lòun ṣe é. Mo tilẹ̀ ti fi bí n ó ṣe pàtẹ́wọ́ dánra wò.

Mo ránṣọ. Mo ránṣọ títí ẹsẹ̀ fi wú. Mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo ti rán méjìdínlógójì.

Mátírọ́ọ̀nù dé ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Ó jókòó sí pálọ̀, ó ń tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fa bọ́tìnnì bí ẹni tó ń yọ eyín. Mo wà lórí èyí tó kẹ́yìn nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkọ mi lẹ́nu géètì.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ọkọ̀ ti yá a.

Mo na ọwọ́, mo pa súìṣì, mo sáré jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ti pẹ́. Ọkọ mi ti dúró níwájú àpótí fíúsì, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń kí Mátírọ́ọ̀nù. Ìdérí àpótí náà wà ní pípadé. Ó gbé nǹkan kan mọ́ àyà nínú ìwé ìròyìn bí ìkókó.

"Ìyá Ìbejì, mo rí i!"

"Ẹ kú àbọ̀."

"Mátírọ́ọ̀nù, ẹ bá mi gbé e wò. Ẹ gbé e wò ná."

Mátírọ́ọ̀nù gbé e, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. "Ó wúwo o."

"Ẹ ti rí nǹkan! Irú èyí ò sí mọ́."

"Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Gbogbo ilé ìwòsàn ni ìbá ti kún fún àwọn tó rù ú."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ jẹun," ni mo wí.

"Oúnjẹ ò ní sá lọ."

"Ẹ kúkú lọ wẹ̀ ná. Ọ̀nà jìn."

"Ṣé mò ń rùn ni?"

"Bàbá, ẹ dá ìyàwó yín lóhùn," ni Mátírọ́ọ̀nù wí, kò gbójú sókè lórí aṣọ.

"Tí iná bá tàn, màá wẹ̀ lábẹ́ ẹ̀." Ó ti gbé àkàbà. "Wá bá mi di eléyìí mú."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di àkàbà mú. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lára igi, àpótí fíúsì wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ lẹ́yìn mi, kò tó ẹsẹ̀ mẹ́wàá síbi tí mo wà.

Ọkọ mi fọwọ́ gbá àpò rẹ̀. "Fíúsì wà lápò mi," ló wí, bó ṣe máa ń wí kó tó gun òkè láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. "Ikú ò mọ ọ̀nà ibí."

Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni mo ní láti sọ: fíúsì mìíràn wà lára ògiri. Mo kà wọ́n lẹ́yìn náà lọ́pọ̀ ìgbà. Wọn ò ju márùn-ún lọ.

Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé mo ti pa súìṣì. Iná tó ti kú kì í bu èèyàn jẹ. Ọkọ mi ti sọ ọ̀rọ̀ súìṣì tó ń purọ́ fún mi ju ogún ìgbà lọ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe máa ń gbọ́ ìtàn ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ ọ, tí ọwọ́ mi á máa ránṣọ lọ.

Ó yọ ọ̀pá iná, ó nà án sí mi, mo gbé e ti ògiri. Ó tú ìdérí. Ó dúró.

"Ta ló nu ibí yìí?"

"Kí lẹ wí?"

"Eruku ò sí níbí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, eruku kún un."

"Èmi ni mo nù ún."

"Ìwọ? O gun àkàbà?"

"Mo gun tábìlì."

"Ìyá Ìbejì!" ni Mátírọ́ọ̀nù ké láti pálọ̀. "Bọ́tìnnì kan ń mì lára èyí o!"

"Mò ń bọ̀, Mà!"

Ọkọ mi sún ojú mọ́ inú iná náà. Mo rò pé ó ti rí họ́ódà tuntun. Kò rí i, awò ojú rẹ̀ wà nínú báàgì. Ohùn rẹ̀ rọ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"O ṣeun," ló wí. "O ò bá má ṣe wàhálà."

Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọ àárín wáyà.

Kò pariwo. Ó kàn ṣe "ún," bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò retí. Àkàbà mì, ara rẹ̀ gan, ó sì já wálẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbá irin ẹ̀rọ ìránṣọ mi, gbogbo ara rẹ̀ sì balẹ̀ sórí òkìtì yunifọ́ọ̀mù tí mi ò tíì ká. Ká ní kì í ṣe ti aṣọ yẹn ni, ilẹ̀ símẹ́ńtì ni ì bá fi orí gbá.

Mátírọ́ọ̀nù ti dé kí n tó rí ohùn mi.

"Ẹ má fọwọ́ kan wáyà yẹn! Níbo lẹ ti ń pa iná?"

Mo sáré sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo ṣí àpótí, mo fa fíúsì funfun yọ, mo sáré padà. Fíúsì náà wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé mo mú un wọlé.

Ọkọ mi ti lajú. Ó wò mí. Ó wo ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ òsì bọ àpò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí ọ̀tún ò gbéra mọ́, ó yọ fíúsì tirẹ̀ jáde. Ìka méjì ti dúdú lórí. Ó gbé fíúsì náà sí àyà rẹ̀, ó tún wo ti ọwọ́ mi.

"Ta ló ni ìyẹn?"

"Ti Kíákíá ni."

"Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Mo ti kúrò nílé?"

"Ẹ ti kúrò."

"Bàbá, ẹ dákẹ́ ná," ni Mátírọ́ọ̀nù wí, ó fi ìka tẹ ọrùn rẹ̀, ó ń wo aago. "Mò ń ka ọkàn yín."

"Ẹ máa kà á. Kí ló ṣe iná náà?"

"Họ́ódà ni," ni mo wí.

"Kì í ṣe ṣóòkù?"

"Kì í ṣe ṣóòkù."

Ó pa ojú dé. Mátírọ́ọ̀nù rò pé ó ti dákú, ó gbá a létí.

"Mo wà níbí," ni ọkọ mi wí. "Mò ń ronú ni."

Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán. Ìka méjì ní ọwọ́ òsì jóná. Ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, wọ́n ní kó dúró nílé ìwòsàn kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ṣí wọ́ọ̀dù tuntun, wọ́n sì gbé e lọ síbẹ̀. Òun ni aláìsàn àkọ́kọ́ tó sùn níbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń yí i ká wọ aṣọ tí mo fi irọ́ rán, ó sì mọ́ lára wọn rekete. Ẹni kan tilẹ̀ kí mi pé mo kú iṣẹ́.

Mo retí pé á sọ ohun tí mo ṣe. Kò sọ ọ́. Àwọn ará àdúgbò wá, wọ́n ní, "Àgbákò ni, Bàbá. Orí yín ló kó yín yọ." Ó ní, "Àgbákò ni." Àwọn ìbejì pè lórí fóònù, wọ́n ń sunkún. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó dá wọn lóhùn.

"Ẹ má sunkún. Èmi ni mi ò ṣọ́ra."

Ẹ gbọ́ mi o. Ọkùnrin yìí fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ láàárín wáyà, iná ò ta á rí. Ìyẹn nìkan ló mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́, yàtọ̀ sí ṣẹ́ẹ̀tì. Ó sì ń sọ ọ́ nù nítorí mi, lójú àwọn ọmọ rẹ̀, láìwo ojú mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò ní, "Àgbà ti dé sí Bàbá Ìbejì, kó má fọwọ́ kan iná mọ́," tí ọkọ mi sì mi orí pé òótọ́ ni, mi ò lè gbé e mì. Ojú gbogbo wọn ni mo ti sọ ọ́. Mo pe àwọn ọmọ mi, mo sọ fún wọn pẹ̀lú. Àkọ́bí ní, "Mọ́mì, ẹ di àkàbà mú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun á tún pè. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kó tó pè.

Kíákíá gbọ́, ó wá sílé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà.

"Dìde," ni ọkọ mi wí. "Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

"Ṣé kò sọ fún ẹ pé ojú fíúsì tó bá ṣófo, èèyàn ló wà lókè?"

"Wọ́n sọ ọ́, sà. Mo sì sọ fún Mà. Wọ́n ní àwọn ti pè yín, ẹ ní kí n máa ṣe é lọ."

Ọkọ mi yíjú sí mi. Kò tíì gbọ́ apá yẹn.

"Ó tún kù ni?" ló bi mí.

"Ìyẹn ló kù."

"Ẹni tó nu eruku ńkọ́?"

Kíákíá wo ilẹ̀. "Èmi ni, sà."

Ọkọ mi mi orí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí Kíákíá jókòó, ó ní kí n fún un lómi. Lẹ́yìn tó lọ, ìgbà yẹn ló tó bá mi sọ̀rọ̀.

"O pe ẹlòmíràn, kò burú. Bí o bá sọ fún mi, màá bínú, màá sì jẹun. Ti fíúsì kejì náà, orí yọ mí. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́ léèrè lórí àkàbà, Ìyá Ìbejì. Mo wà lókè, mo bi ọ́ léèrè."

Mo gbé ife omi tí Kíákíá mu, mo lọ fọ̀ ọ́.

Mo kọ èyí torí ẹ̀yin obìnrin bíi tèmi, tí ẹ ń dáàbò bo ojú ọkọ yín pẹ̀lú irọ́ kékeré. Mo pè é ní ìfẹ́, lóòótọ́ sì ni, ìfẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gun òkè ń gbára lé ohun tí a sọ fún un nísàlẹ̀. Ẹ bá a jà nísàlẹ̀ kó tó gun òkè.

Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti jinná. Ìka kan ní ọwọ́ òsì ò ká mọ́. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń bá mi ṣeré, ó sì ń pè mí ní Ìyá Ìbejì bó ṣe máa ń pè mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní mo ti pa gáàsì, á dìde lọ fọwọ́ kàn án. Kì í bínú bó bá ń lọ. Ó ti di oṣù mẹ́sàn-án báyìí. Lánàá, ó lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.